Ilẹ̀kùn Tí Kì Í Ṣí fún "Ilé"

Ní Ìkọ̀lé níbí, bí o bá sọ fún èèyàn pé ìwé lò ń kọ, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, "Kíláàsì wo ni wọ́n ti máa lò ó?" Bí o bá ní kì í ṣe ìwé kíláàsì, á ní, "Háà, ìwé àdúrà ni nìyẹn." Bí o bá tún ní kì í ṣe ìwé àdúrà, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ láàárín ọjà ló máa fi wò ọ́. Ìwé iwin ni mo ń kọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ síta kí ọkàn kálukú lè balẹ̀. Mo ń kọ ìtàn àwọn ìlú tí kò sí, àwọn ẹ̀dá tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, àti àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ inú àpáta lọ bí ẹni wọ yàrá. Kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́. Ó wù mí ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ san owó oṣù fún mi ni kíkọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ilé adìẹ wà lẹ́yìn iléèwé wa, èmi ni mo sì ń bójú tó o. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ ìwé mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú ọ́fíìsì àwọn tíṣà, o ò lè kọ gbólóhùn kan tán kí ẹnì kan má bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, ṣé o gbọ́ ohun tí ọ̀gá wí, ṣé o mọ̀ pé bàtà rẹ ti fẹ́ já. Ṣùgbọ́n òórùn ilé adìẹ, kò sí àmẹ́bọ tó lè fara dà á. Màá jókòó sórí àpò oúnjẹ wọn, màá gbé fóònù mi lé orúnkún, màá máa tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ka ibi tó dùn sókè, àwọn adìẹ á dákẹ́, wọ́n á dẹ ọrùn. Bí ibẹ̀ ò bá dùn, wọ́n á kàn máa jẹun wọn lọ. Mo ti bá àwọn tó ń tẹ ìwé pàdé láti Èkó títí dé Ìbàdàn, mi ò tíì rí èyí tó gbọ́n tó àwọn adìẹ yẹn.

Mo ní ìwé kan tó ti parí àti méjì tó wà lórí iná. Ọ̀kan nínú èyí tó wà lórí iná dá lórí ọlọ́kadà kan ní Ìsàn tó gbé èrò lọ́sàn-án gangan, tí kò mọ̀ pé òkú lòun gbé, tí òkú náà sì ń bá a jà lọ títí dé ọ̀run pé owó rẹ̀ ti wọ́n jù. Èkejì ni apá kejì ìwé tó ti parí yẹn. Apá kìíní kò sì tíì jáde o. Ọkọ mi ní òun ò rí irú ẹ̀ rí, pé èèyàn kan ń ra aṣọ ìkómọ fún àbúrò ọmọ tí ò tíì bí. Mo ní kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí òótọ́ ni.

Ìwé tó ti parí yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, òun ló fẹ́ pa mí. *Ulé Abẹ́ Àpáta* ni mo pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ Èkìtì, ẹ fara balẹ̀ níbí yìí. Ohun tí ẹ̀ ń pè ní ilé, ulé là ń pè é. Iṣẹ́ yín ni uṣẹ́ wa. Iṣu yín ni uṣu wa, ó sì dùn ju tiyín lọ. Mo ti ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí u yìí láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, torí náà mo fi í ṣe idà.

Bí ó ṣe rí nínú ìwé nìyí. Àwọn ẹ̀dá burúkú kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Agbójìji, òjìji èèyàn ni wọ́n máa ń jí gbé. Wọ́n lè sín ohùn ẹnikẹ́ni jẹ, ti ìyá rẹ, ti bàbá rẹ, ti ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ. Àléébù kan ṣoṣo ló wà lára wọn: ètè wọn gan bí igbá, wọn ò lè ká a jọ. Nítorí náà wọn ò lè fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láéláé. Ìlú àwọn iwin rere wà lábẹ́ àpáta, ilẹ̀kùn kan ló sì ń ṣọ́ ọ. Bí o bá dé iwájú ilẹ̀kùn yìí, á bi ọ́ pé, "Níbo lò ń lọ?" Bí o bá ní "ulé," á ṣí. Bí o bá ní "ilé," á mọ̀ pé Agbójìji ni ẹ́, á pa dé gbọin. Gbogbo ogun, gbogbo ẹkún, gbogbo ìfẹ́ tó wà nínú ìwé náà, orí ọ̀rọ̀ kan yẹn ló dúró lé.

Èmi kọ́ ni mo rò ó. Màámi ni. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Òsì, bí ó bá ń lọ sóko, á kìlọ̀ fún wa pé bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, ká bi í pé ibo ló ń lọ. Bó bá ní ulé, ara wa ni, ká ṣí i. Bó bá ní ilé, ká jókòó jẹ́ẹ́. Ọjọ́ tí tíṣà tuntun kan dé láti Ìbàdàn tó wá kí bàbá wa, òjò ti ṣú, a bi í, ó ní ilé. A jókòó jẹ́ẹ́. Ìgbà tí màámi máa fi ti oko dé, tíṣà ti rin gbindingbindin, ó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni di ọmọ tuntun. Màámi bẹ̀ ẹ́ títí, ó sè fún un, ó jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, kò bá wa wí. Ó ní a ṣe é dáadáa.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àṣìṣe ni mo ṣe tí mo jẹ́ kí ẹnu mi já sí i pé iwin ni mo ń kọ. Ìyá Ìjọ wa ké pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, ó ní kí àwọn obìnrin yí mi ká. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà pé kí ẹ̀mí òkùnkùn tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún mi jáde. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ fóònù, mi ò kàn sọ fún wọn ni. Nígbà tí a jáde, Ìyá Ìjọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó ní, "Ọmọbìnrin tí o ní ó wọ inú àpáta yẹn, ṣé ó padà rí òjìji ìyá rẹ̀ gbà?" Mo ní ó di ìgbà tí ìwé bá jáde. Ó ní òun á máa fi í sínú àdúrà.

Ká sọ tòótọ́, ẹni tó bá fẹ́ tẹ irú ìwé mi jáde nílò àdúrà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó kọ̀wé sí mi pé ó dùn o, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọdé? Mo ní kì í ṣe ọmọdé ni mo kọ ọ́ fún. Wọ́n ní ta wá ni? Òmíràn ní kí n yọ gbogbo iwin kúrò, kí n fi ọmọ iléèwé tó gboyún rọ́pò wọn, torí irú ìyẹn ni àwọn iléèwé ń rà. Ẹ gbà mí! Kí n mú iwin kúrò nínú ìwé iwin! Ìyẹn dà bí kéèyàn ní kí o gún iyán ṣùgbọ́n kí o má fi iṣu sí i. Ẹlòmíràn ní ṣé mi ò lè kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn òyìnbó lè gbádùn rẹ̀. Báwo ni ilẹ̀kùn náà ṣe máa wá bi wọ́n léèrè? Àwọn tó kù ò tiẹ̀ fèsì rárá títí di òní, bóyá Agbójìji ti gbé òjìji wọn lọ.

Mi ò bá ti pa á tì, ká ní kì í ṣe ti màámi.

Màámi ò mọ̀wé kà. Láti ìgbà tí mo ti sọ fún un pé mo fi ilẹ̀kùn rẹ̀ kọ ìwé, kò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá ní kí n kà á fún un látinú fóònù, á kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ inú fóònù, èèyàn lè fi ìka kan nù ún kúrò, òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣeé nù. Ó dìgbà tó bá di ìwé tó ṣeé gbé lọ́wọ́. "Kí n gbọ́ ọ kí n tó kú," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín nínú jẹ́, màámi ti ń kú láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ti sọ pé òun ń kú nítorí aṣọ, nítorí ọmọ-ọmọ, àti nígbà kan nítorí ẹran ìgbẹ́.

Ṣùgbọ́n etí rẹ̀, òun ni kì í ṣe eré. Ti òsì ti lọ pátápátá. Ti ọ̀tún ń lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní Ìdó sọ fún mi pé kí a má fi ara wa ṣeré, pé kí a sọ ohun tí a bá fẹ́ sọ fún un kí ó tó pẹ́. Mo jáde níbẹ̀, mo dúró sẹ́bàá títì, ẹ̀rù bà mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún màámi kò kúrú. Odindi ìwé ni, kò sì sí ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà náà ni olóòtú kan láti ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní Ìbàdàn wá pè mí. Inú ilé adìẹ ni mo wà. Àgbàlagbà ni, ohùn rẹ̀ mọ́ geere, bí ohùn àwọn tó máa ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ó ní òun ti ka ìwé mi, òun ò sì lè gbé e kalẹ̀, ilé-iṣẹ́ àwọn á tẹ̀ ẹ́. Mo pariwo. Gbogbo adìẹ fò sókè. Ó ní, "Màdáàmù, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí nǹkan, sà, àwọn ará ilé ló ń bá mi yọ̀. Ó bi mí kí ni mo tún ń kọ lọ́wọ́. Mo sọ ti ọlọ́kadà tó gbé òkú fún un. Ó ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ Ìsàn?" Mo ní kò sí ìdí, ibẹ̀ kàn wá sí mi lọ́kàn ni. Ó ní ó dáa. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tó yá, wọ́n fi bí ìwé náà ṣe máa rí ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá, pé ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ẹ̀rọ máa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Orúkọ mi nìkan ni mo rí lójú ìwé àkọ́kọ́. Ayọ̀ ti bo ojú mi, ẹ má bi mí ohun tó kù. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà fún mi, wọ́n fi wáyà oníke dì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó di ohun tó ṣeé gbé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ takisí láti Ìkọ̀lé dé Ìfàkì, mo wọ òmíràn dé Ìdó, mo gun ọ̀kadà dé Òsì. Mo gbé ìwé náà lé itan mi jálẹ̀ ọ̀nà. Obìnrin kan tó jókòó tì mí nínú takisí ní ṣé Bíbélì tuntun ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ pa á, ó ṣí i, ó pa á dé, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ìwé ni," ó wí. "Ó yá, kà á." Mo jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀, mo fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní kọ gbogbo ọ̀rọ̀ màámi sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ gan-an, torí kí ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ Èkìtì lè gbọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí u bá ti ṣe pàtàkì, mo fi u síbẹ̀.

A bá a lọ dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n jí òjìji ìyá ọmọbìnrin náà gbé, ó pòṣé, ó ní, "Ọlọ́run á mú wọn." Ni a bá dé ibi ilẹ̀kùn. Mo gbóhùn sókè, mo kà á pé: "Ilẹ̀kùn ní, 'Níbo lò ń lọ?' Agbójìji fi ohùn ìyá ọmọ náà dáhùn pé, 'Ilé.' Ilẹ̀kùn pa dé gbọin. Ọmọbìnrin náà bọ́ síwájú. Ó ká ẹnu rẹ̀ jọ súútú, ó ní, 'Ilé.' Ilẹ̀kùn sì ṣí."

Màámi dá ọwọ́ ẹ̀gúsí dúró. "Tún un kà."

Mo tún un kà, ohun tó wà níbẹ̀ ni mo kà.

Ó gbé ọwọ́ lé etí rẹ̀ ọ̀tún, ó fi ìka ro ó, ó mi orí. Ohùn rẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ó ti lọ nìyẹn. Mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ ulé àti ilé mọ́. Etí mi ti lọ tán."

Háà. Bí wọ́n bá gún mi lọ́bẹ, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Màámi, kì í ṣe etí yín o! Kì í ṣe etí yín! Àwọn ará Ìbàdàn ni!" Mo ń ṣí ìwé náà síwá sẹ́yìn. Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Gbogbo uṣẹ́ ti di iṣẹ́, gbogbo uṣu ti di iṣu. Mo ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, lábẹ́ orúkọ mi, tí mo ti ń wò tí mo sì ń rẹ́rìn-ín sí láti àná: *Ilé Abẹ́ Àpáta.* Agbójìji ti wọlé láti ẹ̀yìn ìwé!

Mo pe olóòtú lójú ẹsẹ̀. Sátidé tàbí kì í ṣe Sátidé, ó wà lọ́fíìsì, torí iṣẹ́ ọjọ́ Ajé. Mo ní, "Sà, ta ló jí u mi?"

Ó ní, "Màdáàmù, mo ṣe àtúnṣe díẹ̀. Fáwẹ̀lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò."

"Iwin ni wọ́n, sà! Wọn ò lọ síléèwé!"

"Ó yẹ kí wọ́n lọ."

Mo ní ilẹ̀kùn ńkọ́? Mo ní ṣé ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ti ilẹ̀kùn tó tún ń ṣí i? Ó ní òun rí i, òun sì ti ronú sí i, pé kí n jẹ́ kí ọmọbìnrin náà sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, kí Agbójìji sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ilẹ̀kùn á mọ ìyàtọ̀. Mo fẹ́ ya wèrè. Ó tún wá bi mí pé, "Àti pé bí ètè wọn ò bá ṣeé ká jọ, báwo ni wọ́n ṣe ń pe fáwẹ̀lì o?" Òótọ́ ló wí, ìyẹn ló sì mú kí inú tún bí mi sí i. Mo ní kó má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ni òun náà bá gbóná. Ó ní, "Màdáàmù, ọmọ kankan kì í fi irú èyí ṣeré nígbà tí èmi wà níléèwé. Ẹni bá kọ u síwájú ọ̀rọ̀, ẹgba ni. Wọ́n nà án títí ó fi jáde lára mi. Mi ò ní tẹ ohun tí wọ́n máa fi ṣe yín ní yẹ̀yẹ́." Ó ní bí mo bá gbà, ọjọ́ Ajé ni. Bí mi ò bá gbà, kí n mú ìwé mi, tàbí kí n tò sẹ́yìn àwọn tó kù, bóyá tó bá di ọdún mìíràn. Ó pa fóònù.

Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún. Ọdún mìíràn! Ṣé etí màámi máa dúró de ọdún mìíràn? Nígbà tí mo sunkún tán, mo bọ́jú, mo padà wá síwájú, mo jókòó tì í. Mo ti pinnu. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin mọ bó ṣe yẹ kó rí. Bí mo bá ń kà á fún yín, màá máa fi u sí i fúnra mi."

Ó ní, "Àwọn tí kò mọ̀ ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bó ẹ̀gúsí.

Ó ní, "Ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún gbogbo ẹni tó bá yà, ṣé ìyẹn náà ni ilẹ̀kùn? Olóko ò gbọdọ̀ fi oko rẹ̀ ta olè lọ́rẹ nítorí pé ilẹ̀ ń ṣú." Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ohun tí ọkùnrin náà wí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ń kígbe sétí rẹ̀, débi pé gbogbo àdúgbò gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ̀ mí. Nígbà tí mo dé ibi ẹgba, ó gbé ojú sókè.

"Ẹgba nítorí kí ni?"

"Nítorí u, Màámi. Bí wọ́n bá fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀."

"Ní Ìbàdàn?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ní ń kọ u ní Ìbàdàn tí wọ́n máa nà?"

Èmi tí mo kàwé dé yunifásítì, èmi tí mo dá odindi ìlú iwin sílẹ̀ látinú orí mi, kò sọ sí mi lọ́kàn rárá. Ìbínú ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ẹni náà ń wí. Màámi nu ọwọ́ ẹ̀gúsí mọ́ ìró, ó ní, "Pè é fún mi."

Mo pè é. Mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta, mo gbé fóònù sún mọ́ etí ọ̀tún màámi. Mo ní, "Sà, ẹ má bínú, ìyá mi fẹ́ kí yín. Etí wọn ò gbọ́ dáadáa o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ sókè."

Màámi ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o, ọ̀gá."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kú ilé."

"Kí ló wí?"

"Ẹ KÚ ILÉ, MÀ!"

Màámi wò mí, ó mi orí, ó padà sídìí fóònù. Ó ní, "Ọmọ mi gbé ìwé wá fún mi, ó dùn. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ tún un ṣe. Ẹ kú uṣẹ́. Wọ́n ní wọ́n ń nà yín níléèwé nítorí u. Iléèwé ibo ni?"

Mo ń gbọ́ ìró fáànù lọ́fíìsì rẹ̀. Ó wá sọ nǹkan kan, ó fà á sínú. Màámi wo ojú mi.

Mo ní, "Ó ní Ìsàn, Màámi."

"Ìsàn!" Màámi pàtẹ́wọ́. "Ìsàn tó wà níbí! Ọmọ wa ni! Ọmọ mi, bí o bá ṣíwọ́ uṣẹ́ lónìí, ibo lò ń lọ?"

"Ilé ni, mà."

"Ti Ìbàdàn nìyẹn. Mo ní Ìsàn, lọ́dọ̀ ìyá rẹ."

"Ìyá mi ti kú, mà. Ó TI PẸ́ TÍ WỌ́N TI KÚ!"

Inú mi bàjẹ́. Mo fẹ́ gbé fóònù kúrò létí rẹ̀, màámi fa ọwọ́ mi padà. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Nígbà tí wọ́n wà láyé, tí ilẹ̀ bá ń ṣú tí o wà níbi tí o ti ń ṣeré, tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ọ́, ibo ni wọ́n ní kí o máa bọ̀?"

Mo rò pé ọkùnrin náà ti pa fóònù. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ ọ́ sínú aṣọ. Èmi gbọ́ ọ. Màámi ò gbọ́.

"Mi ò gbọ́ o, ọmọ mi."

Ó tún un wí.

"Etí mi ò dáa. Gbé e sókè."

"ULÉ!" Ó ké e síta débi pé fóònù ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lọ́fíìsì rẹ̀ ń bi í pé, "Ọ̀gá, kí ló dé?" Kò dá a lóhùn. Ó tún ké e, ohùn rédíò yẹn ti lọ pátápátá, "Ulé, Màámi! Ulé ni wọ́n ní kí n máa bọ̀!"

Ó fọn imú. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ padà sí mi. Kó tó di ọjọ́ Ajé, ẹ jọ̀ọ́."

Màámi ti yí padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀, ó ń wá èyí tó bọ́ sílẹ̀ nígbà tó pàtẹ́wọ́.

"Ìyẹn ni mo gbọ́," ó wí. "Ó ti ṣí. Sọ fún un kó wọlé."